Ìrìn-Àjò Ọ̀rọ̀ Àyálò Kan: Ìtumọ̀ 'Àlàáfíà' ní Èdè Yorùbá àti ní Àwọn Èdè Mìíràn

Ìfáárà

Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì tí kò ní orí kan lórí ọ̀rọ̀ àyálò. Ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà ṣe é. Wọn yóò fa ilà méjì tàbí mẹ́ta sí ojú ìwé, wọn yóò to ọ̀rọ̀ èdè Lárúbáwá, ti Haúsá tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì sí apá òsì, wọn yóò to ti Yorùbá sí apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ nínú irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ni bí ìró ṣe yí padà: bí fáwẹ̀lì ṣe wọ àárín kọ́ńsónáǹtì méjì, bí kọ́ńsónáǹtì ìparí ọ̀rọ̀ ṣe gba fáwẹ̀lì, bí ohùn ṣe hù lórí ọ̀rọ̀ tí kò ní ohùn tẹ́lẹ̀. Ohun tí kò ní kọ́ ni pé ìtumọ̀ pàápàá máa ń rìn.

Èrò tí ó wà lẹ́yìn àtẹ náà ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí. Ó dà bí ẹni pé àwọn òǹkọ̀wé wa gbà pé ọ̀rọ̀ àyálò kò yàtọ̀ sí ẹrù tí a gbé láti ọjà kan lọ sí òmíràn, pé ohun tí ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó kúrò ní Mẹ́kà náà ni yóò wà nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá dé Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'àlàáfíà', ni a ó fi dán èrò yìí wò. A yàn án nítorí pé kò sí ọmọ Yorùbá tí kì í lò ó, yálà ó jẹ́ Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. A sì tún yàn án nítorí pé ìtumọ̀ ẹyọ kan tí àtẹ yẹn fún un ń pa àwọn ènìyàn lára ní iyàrá ìkàwé àti ní ilé ìwòsàn, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú. Èdè tí a ń gbọ́ ní ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni a gbójú lé jù fún àpẹẹrẹ ti Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ náà Nílé Rẹ̀

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ kan tí ó dúró lórí kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ni èdè Lárúbáwá ti fa ọ̀rọ̀ yìí yọ. Ohun tí gbòǹgbò náà ń tọ́ka sí ni kí nǹkan pa rẹ́, kí a fojú fo ẹ̀ṣẹ̀, kí a dárí ji ènìyàn. Láti inú rẹ̀ ni ‘afw, tí ó jẹ́ ìdáríjì, ti wá; láti inú rẹ̀ náà ni al-‘āfiya ti wá, ìyẹn ipò ẹni tí a mú àrùn tàbí ìpọ́njú kúrò lára rẹ̀, tí ara rẹ̀ dá ṣáká. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí ìjọra ‘afw àti 'àforíjì' tan òun jẹ. 'À-fi-orí-jì' ni tiwa, kò sì bá ti Lárúbáwá tan rárá.)

Hádíìsì kan wà nínú àkójọ Tirmidhi tí àwọn ààfáà wa máa ń mẹ́nu bà nínú wáàsí. Abbas, arákùnrin bàbá Ànábì Muhammad, béèrè ohun tí ó yẹ kí òun máa tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Al-‘āfiya ni Ànábì ní kí ó tọrọ. Ìlera, ààbò àti ìtura ni àwọn onímọ̀ fi ń túmọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Wọn kì í fi 'àìsí ogun' túmọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni èdè Lárúbáwá ní fún ìyẹn: salām, èyí tí à ń gbọ́ nínú 'àsàlámù àlékùn'. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Bí Mùsùlùmí Yorùbá bá fẹ́ túmọ̀ ìkíni yìí fún ọmọdé, 'àlàáfíà' ni yóò fi túmọ̀ salām. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan tí ó ti di ti Yorùbá ni ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá mìíràn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà nílé tí wọ́n ti wá.

Ohun tí ó tilẹ̀ yani lẹ́nu ni pé àwọn Lárúbáwá fúnra wọn kò lo ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Ní Síríà àti Lẹ́bánónì, ẹni tí ó bá ń kọjá lára òṣìṣẹ́ yóò gbàdúrà kí Ọlọ́run fún un ní ‘āfiya. Òǹkàwé yóò ti rí i pé 'ẹ kú iṣẹ́' tiwa gan-an ni wọ́n fi ń ṣe. Ní Íjíbítì, agbára ara ni ọ̀rọ̀ náà dà, bí a bá sì sọ pé a ṣe nǹkan bi-l-‘āfiya, tipátipá ni a ṣe é. Ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀ kò ṣòro láti rí: ẹni tí ara rẹ̀ dá ni ó lágbára, ẹni tí ó lágbára ni ó sì lè fi ipá gba nǹkan. Síbẹ̀, ẹ wo bí ohun tí ó jẹ́ àlàáfíà lọ́dọ̀ tiwa ṣe di ipá lọ́dọ̀ àwọn tí ó ni èdè. Ti Mòrókò ni ó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú èdè ojoojúmọ́ tiwọn, iná ni wọ́n ń pè ní ‘āfiya: iná tí a fi ń se oúnjẹ, iná tí ń jó ilé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àdàpè ni. Iná jẹ́ ohun ẹ̀rù. Wọn kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ohun rere pè é kí ó má baà ṣe wọ́n ní ibi. Àwa náà kì í dárúkọ ejò lóru, 'okùn ilẹ̀' ni à ń pè é. Àwọn bàbá wa kì í sì í la ẹnu gbàgà pe Ṣọ̀pọ̀ná, wọn a ní 'ilẹ̀ gbígbóná' tàbí 'Olóde'. Bí a bá sọ pé àwọn ará Mòrókò ṣi ọ̀rọ̀ náà lò, a jẹ́ pé àwa pẹ̀lú ṣi 'okùn' lò nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà Lẹ́nu Àwọn Ẹlòmíràn

Ti Tọ́kì àti ti Indonéṣíà kò ní gbà wá ní àkókò. Àwọn ará Tọ́kì ń pe ọ̀rọ̀ náà ní afiyet, ìdí oúnjẹ ni wọ́n sì ti ń lò ó jù. 'Afiyet olsun' ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí ó ń jẹun tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, bí àwa ṣe ń sọ pé 'á gba ibi ire lọ'. Ní Indonéṣíà, sehat walafiat ni ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá. 'Wal' tí ó wà níwájú ọ̀rọ̀ náà jẹ́ 'wa', tí í ṣe 'àti' lédè Lárúbáwá, pẹ̀lú 'al'. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ asopọ̀ mì pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Ní ti Swahili, afya ni, ìlera ni ó sì túmọ̀ sí láìsí ohun mìíràn: Wizara ya Afya ni wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ètò ìlera ní Kẹ́ńyà àti Tàńsáníà.

Ti Sípéènì yẹ ní dídúró sí díẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí jọba ní apá kan tàbí òmíràn ilẹ̀ náà láti ọdún 711 títí di 1492, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sì wọ inú èdè wọn. Alafia wà lára wọn. Oore-ọ̀fẹ́, ìdáríjì àti àánú ni ìtumọ̀ tí ìwé atúmọ̀ èdè Akadẹ́mì Sípéènì fún un, pẹ̀lú àlàyé pé a kì í lò ó mọ́. Nínú gbogbo èdè tí a mẹ́nu bà, ìró ti Sípéènì ni ó sún mọ́ tiwa jù, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jìnnà sí tiwa púpọ̀. Ó jọ pé ìtumọ̀ ìdáríjì tí ó wà nínú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó ti sùn níbòmíràn, ni ó jí dìde níbẹ̀. Àtẹ tí ó ń to ìró pọ̀ mọ́ ìró yóò sọ pé ọmọ ìyá ni alafia Sípéènì àti àlàáfíà Yorùbá. Ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a lè rán níṣẹ́ èkejì.

Ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ni àfiwé náà ti wúlò jù. Lafiya ni Haúsá ń pè é. Bí ènìyàn méjì bá pàdé, ọ̀kan yóò béèrè pé 'Lafiya?', èkejì yóò dáhùn pé 'Lafiya lau', bí àwa ṣe ń béèrè pé 'Ṣé àlàáfíà ni?' Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ń sọ èdè Kabiyè ní Tógò ń fi ọ̀rọ̀ yìí kí ara wọn. Títí dé ìkíni, a bá Haúsá dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí a bá kúrò ní ìkíni, ọ̀nà yà. Ìlera ni lafiya jẹ́ ní pàtàkì. Ma'aikatar Lafiya ni ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ètò ìlera. Bí Haúsá bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìlú tí kò sí ìjà nínú rẹ̀, yóò fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn, yóò ní zaman lafiya, ìyẹn gbígbé pọ̀ ní lafiya. Tàbí kí ó lo salama, èyí tí ó wà nínú Bíbélì wọn. Ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo yìí, ọ̀rọ̀ kan náà wà lára pátákó ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ní Kánò, nígbà tí ó jẹ́ pé ní Ọ̀yọ́, ìgbìmọ̀ tí ń parí ìjà ni yóò kọ ọ́ sára tirẹ̀.

Bí ó ṣe Dé Ilẹ̀ Yorùbá

Ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó ń sọ pé ọwọ́ Haúsá ni a ti gba 'àlàáfíà'. A kò lè gba èyí wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ ti sọnù nínú lafiya ti Haúsá, ó sì wà digbí nínú tiwa. Ẹnìkan lè sọ pé Yorùbá ni ó fi 'à' kún un kí ó lè dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí a kò fi 'à' kún 'làákàyè', tí òun náà wá láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó ní 'al' níwájú? A jẹ́ pé 'à' inú àlàáfíà kì í ṣe àfikún tí a ṣe nílé. Ó bá ọ̀rọ̀ náà wọlé ni. Lọ́dún 1988, Stefan Reichmuth ṣe iṣẹ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá yá láti inú èdè Sọ́ńgáì, iṣẹ́ náà sì fi hàn pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń gba ọ̀nà odò Ọya wá sọ́dọ̀ wa kí ipa Haúsá tó gbilẹ̀. Orúkọ 'Ìmàle' tí a fi ń pe Mùsùlùmí, tí àwọn onímọ̀ so mọ́ Málì, ń tọ́ka sí apá ibẹ̀ náà. Ohun tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà sọ ni pé ìró 'àlàáfíà' kò fara mọ́ pé láti inú lafiya ni ó ti wá tààrà.

Ẹ̀rí kan wà lókè òkun tí ó wúlò ju ti ìró lọ. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé ẹ̀sìn òrìṣà dé, àgbọn ni wọ́n fi rọ́pò obì láti fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òrìṣà. Bí awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣíjú sókè, alafia ni wọ́n ń pè é. Nínú Candomblé ní Bùràsíìlì, alafiá ni orúkọ tí irú ìṣíjú bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń fọ́ títí tí Aláàfin Àtìbà fi tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní nǹkan bí 1838, ni a kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá bá wọn lọ, a jẹ́ pé kí Ajíyìnrere Òyìnbó kankan tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Yorùbá, àlàáfíà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí nìkan. Ó ti dé ojúbọ òrìṣà. Ìtumọ̀ tí ó ní níbẹ̀ kì í sì í ṣe pé ogun parí. Ohun tí obì ń sọ ni pé gbogbo rẹ̀ dára: ara, ilé, ọmọ, ọ̀nà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Níbí ni ó yẹ kí a ti dá sí èrò mìíràn tí ó gbilẹ̀, pé ohun tí èdè kò bá ní ni ó máa ń yá. Kí àlàáfíà tó dé, Yorùbá ní 'ara líle', ó ní 'ìrọ̀rùn', ó ní 'ìtura' àti 'ìrẹ́pọ̀', ó sì ń gbàdúrà kí ìlú tùbà kí ó tùṣẹ. Kò sí ohun tí ó ṣe aláìní. Ohun tí ọ̀rọ̀ àlejò yìí ṣe ni pé ó di gbogbo wọn sínú ìdì kan. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan, o lè béèrè ara, ọkàn, ilé àti ìlú ẹni lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè fi ọ̀rọ̀ kan náà dá ọ lóhùn. Iṣẹ́ tí salām àti ‘āfiya pín ṣe ní èdè Lárúbáwá, ẹyọ ọ̀kan ni Yorùbá gbé e lé lọ́wọ́. Ìfẹjú ìtumọ̀ ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ pè é ní àṣìlò. Àwọn kan wà nínú àwọn tí ó kàwé Lárúbáwá tí wọ́n máa ń sọ pé Yorùbá 'ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́'. A ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni kò bà á jẹ́: Íjíbítì ni àbí Mòrókò?

Bíbélì, Ilé-ìwé àti Ìsúnkì Ìtumọ̀

Àwọn kan gbà pé Bíbélì ni ó sọ àlàáfíà di òdì ogun nìkan. Bí a bá yẹ Bíbélì Yorùbá wò dáadáa, kò rí bẹ́ẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ ìtumọ̀ ìwé Róòmù jáde ní 1850. Odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Lóòótọ́, àlàáfíà ni àwọn atúmọ̀ lò nínú Róòmù 5:1, níbi tí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ ti àárín ènìyàn àti Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n wọ́n tún lò ó nínú Jẹ́nẹ́sísì 29:6, níbi tí Jékọ́bù ti béèrè bóyá ara Lábánì le, àti nínú Jẹ́nẹ́sísì 43:27, níbi tí Jósẹ́fù ti béèrè bàbá rẹ̀ tí ó ti di arúgbó. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà ní ibi méjèèjì ni shalom, tí òun náà gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ kan tí ó lè gbé e, Yorùbá ní. Lójú tiwa, ọ̀kan lára ibi tí ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá ti ta ti Gẹ̀ẹ́sì yọ nìyí, a kì í sì í sábà yin àwọn atúmọ̀ náà fún un.

Ibi tí ìsúnkì ti wọlé ni iṣẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-sí-ọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé. Thomas Jefferson Bowen, Ajíyìnrere Onítẹ̀bọmi tí ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ní ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí a tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1858. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St Andrew's bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1896. Ti ìmọ̀ Bíbélì àwọn Onítẹ̀bọmi tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní gbòǹgbò rẹ̀ ní 1898. Nínú irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ àti nínú àwọn ilé-ìwé tí àwọn tí ó jáde níbẹ̀ ń kọ́ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òṣùwọ̀n. Gẹ̀ẹ́sì ní àpótí kan fún ara líle, ó ní àpótí mìíràn fún àìsí ogun. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ̀ọ̀kan sì ní láti wọ inú àpótí kan. Wọ́n fi 'ìlera' sínú ti àkọ́kọ́, wọ́n fi 'àlàáfíà' sínú èkejì, wọ́n sì pa ìdérí dé. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ 'ètò ìlera' àti 'Àjọ Ìlera Àgbáyé', tí a sì ń pe àwọn ọmọ-ogun Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní adáàbòbò àlàáfíà.

A kò ní ìjà pẹ̀lú 'ìlera'. Ọ̀rọ̀ tí ó dán mọ́rán ni, ó sì yé ọmọdé. Ṣùgbọ́n ara nìkan ni ó mọ̀: ì-le-ara. Òfin tí a fi dá Àjọ Ìlera Àgbáyé sílẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1948, sọ ní kedere pé ohun tí àjọ náà ń lé ju kí àrùn má sí lára lọ, pé ó kan ara, ọkàn àti ìbágbépọ̀ ènìyàn pẹ̀lú ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá arúgbó kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ní kí ó túmọ̀ orúkọ àjọ náà, àlàáfíà ni ì bá lò. Àwa tí a kàwé ni a yan èyí tí ó kéré.

Àlùfáà Pẹ̀lú

Kí a má baà rò pé àlàáfíà nìkan ni ó ṣe báyìí, ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀dọ̀ 'àlùfáà' ráńpẹ́. Láàrin àwọn Sọ́ńgáì, alfa ni oyè onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Mahmud Kati, ọ̀mọ̀wé Timbuktu, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Futa Jallon, ó di oyè olóṣèlú: Alfa Yaya ti Labé ṣe ìjọba ni, kì í ṣe pé ó ń kọ́ ọmọ ní kéwú. Yorùbá gba ọ̀rọ̀ náà fún onímọ̀ Ìsìláàmù, Bíbélì sì gbé e fún Áárónì àti àwọn ọmọ Léfì. Lónìí, 'ààfáà' ni Mùsùlùmí, 'àlùfáà' ni Kìrìsìtẹ́nì, ìyẹn ni a fi ń sọ pé àlùfáà ni Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá nígbà tí ó wà ní Ọ̀yọ́. Èdè pín ọ̀rọ̀ kan sí méjì, ó fún ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kò sì sí ìjà. Ẹ̀yìn tí àwọn tí ń sọ ọ́ ti pín in tán ni ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ti àlàáfíà yàtọ̀ sí èyí nítorí pé ìwé ni ó pín in, àwọn tí ń sọ ọ́ kò sì tíì gbà.

Ohun tí ó Kan Olùkọ́

Nígbà kan tí a lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, a bá ìbéèrè kan lójú pátákó ní ilé-ìwé kan tí a kò ní dárúkọ: kí àwọn ọmọ kọ òdì àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. 'Àlàáfíà' wà lára wọn. Ọmọbìnrin kan kọ 'àìsàn'. Olùkọ́ fa igi sí i, ó sì kọ 'ogun' sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì pupa. Nígbà tí a béèrè, ó fi ìwé tí ó ń lò hàn wá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé náà sì wí. A kò dá olùkọ́ náà lẹ́bi púpọ̀. Ohun tí a kọ́ ọ ni ó ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí ọmọ yẹn gbọ́ nílé, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé 'ara ìyá àgbà kò lálàáfíà láti àná', ni a fi yíǹkì pupa pa rẹ́. Ọmọ tí a bá ṣe báyìí sí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin yóò gbà pé Yorùbá ilé àwọn kò dára tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í padà sídìí rẹ̀ mọ́.

Ti ilé ìwòsàn le ju ti ilé-ìwé lọ. Ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1907, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì láti ibi púpọ̀ ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní irú ibẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń túmọ̀ fún wọn. Bí àgbàlagbà bá jókòó tí ó ní 'N kò ní àlàáfíà láti ìjẹta', ara ni ó ń sọ. Bí ọ̀dọ́ tí ó wà láàrin bá túmọ̀ rẹ̀ bí ilé-ìwé ti kọ́ ọ, ohun tí dókítà yóò gbọ́ ni pé ọkàn bàbá kò balẹ̀ tàbí pé ìjà wà nílé rẹ̀. Ìbéèrè tí yóò tẹ̀lé e yóò gba ibòmíràn, ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru á sì dúró de ìgbà tí ẹlòmíràn yóò tún béèrè.

Àbá tí a ní fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kò gba owó. Kí àtẹ ọ̀rọ̀ àyálò ní ilà kẹta tí ó máa sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ní èdè tí a ti yá a, àti ilà kẹrin tí ó máa sọ ohun tí ó dà lọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú gbólóhùn kan tí ẹnìkan sọ ní tòótọ́. Kí ìbéèrè lórí òdì ọ̀rọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní gbólóhùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ní ìhòòhò: òdì àlàáfíà nínú 'ìlú náà ní àlàáfíà' kò lè jẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú òdì rẹ̀ nínú 'ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà'. Kí ìwé atúmọ̀ èdè tí a bá ń kọ lọ́jọ́ iwájú sì fi ìtumọ̀ 'gbogbo rẹ̀ dára' ṣáájú, kí ti ara àti ti ìlú tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka.

Iṣẹ́ àṣetiléwá kan wà tí a ti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. A ní kí wọ́n lọ sí Akẹ̀sán tàbí ọjà tí ó bá wà nítòsí wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n kí àgbàlagbà márùn-ún pé 'Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà, mà?' tàbí 'sà', kí wọ́n sì kọ ìdáhùn tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀ láìtún un ṣe. 'A dúpẹ́' ni ó pọ̀ jù, bí ó ti yẹ. Nínú àwọn tí ó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ tí ń ro wọ́n ni àwọn kan mẹ́nu bà, àwọn kan sọ ti ọmọ tí kò tíì rí iṣẹ́, àwọn kan sọ ti ọjà tí kò tà. Ìyá kan tí ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ara òun le o, ṣùgbọ́n àlàáfíà kò tíì pé.